Wákàtí kan tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè

Ọjọ́ Ajé, 13 November 2023, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìbàdàn, ọ̀gá wa obìnrin pè mí láti London. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, “Ọmọ mi, bá mi yẹ rípọ́ọ̀tì àná wò. Ọmọ yìí tún ti mú owó.”

Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mẹ́ta ni màmá yìí ní ní gúúsù London, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, iyán àti ẹran sísun. Aago 12 ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí, aago 12 òru ni wọ́n ń tì. Èmi tí mo jókòó sí Ìbàdàn ni mo ń bójú tó rípọ́ọ̀tì wọn. Ní aago 6 àárọ̀ lójoojúmọ́, ìwé kan á wọlé sínú email màmá, á sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan pa, wákàtí tí èrò pọ̀ jù, àti bí fìrísà ṣe tutù sí mọ́jú. Máníjà á wá gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtù tí ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ fi ọwọ́ kọ, níbi tó ti ro owó ọwọ́ àti owó káàdì pọ̀. Bí ti nóòtù bá kéré sí ti rípọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ló máa ń ti ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní 5 November, owó inú nóòtù rẹ̀ fi £317 dín sí ti rípọ́ọ̀tì mi. Ní 12 November, ó tún fi £280 dín. Màmá ní kí n wò ó bóyá ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe. Mo wò ó. Mo ka risíìtì, wọ́n pé. Kò sí èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni pa rẹ́. Mo pe màmá padà, mo ní, “Mà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o. Gbogbo risíìtì tó wà nínú rípọ́ọ̀tì, ọjà tí wọ́n tà lóòótọ́ ni.”

Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ọ̀rọ̀ mi yẹn ni wọ́n fi mú ọmọ náà kúrò ní iṣẹ́ alẹ́ Àìkú. Wọn kò lé e, wọn kò pe ọlọ́pàá, àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́. Ẹ mọ bí ó ṣe ń rí láàárín àwa ọmọ Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè: kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ti ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé ta ló mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 19 November, ìyá àgbàlagbà kan tó ti wà pẹ̀lú màmá láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti ṣí ló ti ilẹ̀kùn. Nóòtù tirẹ̀ fi £298 dín. Nígbà tí màmá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ dákẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìyá yẹn ò lè jí owó mi. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ?”

Mo ní kí máníjà ya fọ́tò ìwé Z tí ẹ̀rọ tíìlì máa ń tẹ̀ jáde bí wọ́n bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí ó ya risíìtì Àbámẹ́ta àti ti Àìkú mọ́ ọn, kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rípọ́ọ̀tì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Risíìtì tó ṣáájú gbogbo risíìtì Àìkú nínú rípọ́ọ̀tì mi rèé: abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, Malta kan, aago 00:04. Mo tún un kà. Aago 12 òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin? Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn nígbà yẹn. Mo wá nọ́ńbà risíìtì náà nínú àwọn fọ́tò. Lórí bébà, jọ̀lọ́ọ̀fù méjì kan náà, Malta kan náà: ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 23:04.

Ara mi tutù. Kì í ṣe risíìtì yẹn nìkan. Gbogbo ohun tí wọ́n tà láàárín aago 11 sí aago 12 alẹ́ Àbámẹ́ta ló ti sọdá sínú ọjọ́ Àìkú.

Oṣù June ni mo kọ ètò rípọ́ọ̀tì náà. Àkókò UTC ni àwọn ẹ̀rọ tíìlì wọn ń fi ránṣẹ́, ìyẹn aago tí kò mọ ìgbà òtútù yàtọ̀ sí ìgbà ooru, tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo wo risíìtì kan, mo rí 18:30. Mo bi máníjà pé aago mélòó ni wọ́n tà á, ó ní aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ó bá aago ara ògiri mi mu rẹ́gí, torí wákàtí kan náà ni aago tiwa fi ṣáájú UTC. Mo kọ +1 sínú ètò náà, mo kọjá síbi tó kù. June, July, August, September, gbogbo owó bára mu dé orí kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí Nàìjíríà á mọ ìdí tí kò fi wá sí mi lọ́kàn. Láti 1 September 1919 ni aago wa ti fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, ìyẹn aago tí London ń lò nígbà òtútù, tó bá UTC mu, kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Èkó, ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi odindi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Kí la fẹ́ yí aago fún? Ní London, ojúmọ́ June lé ní wákàtí 16, ti December kò pé 8. Ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ìjọba wọn fi òfin gbé e kalẹ̀ pé kí wọ́n máa sún aago síwájú nígbà ooru, kí èédú tí wọ́n fi ń tan iná má bàa ṣòfò. Lóde òní, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù March ni wọ́n ń sún un síwájú, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn October ni wọ́n ń dá a padà. Nítorí náà, láti ìparí March títí dé ìparí October, aago kan náà ni London àti Èkó ń lò. Nígbà òtútù, àwa la fi wákàtí kan ṣáájú wọn.

Ibi tí àṣìṣe mi sápamọ́ sí nìyẹn. Mo rò pé aago London ni mo kọ, aago Ìbàdàn ni mo kọ. Oṣù márùn-ún ni àwọn méjèèjì fi jọ ara wọn bí ìbejì tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀. Ní 29 October 2023, London dá aago rẹ̀ padà, rípọ́ọ̀tì mi kò sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan hàn yín, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ November, wákàtí tó kẹ́yìn alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mú £120 wá. Ti Ẹtì mú £380, ti Àbámẹ́ta £412, ti Àìkú £95. Nígbà tí wákàtí yẹn bá ń sọdá sí ọjọ́ kejì, rípọ́ọ̀tì Ẹtì á gba £120 ti Ọjọ́bọ̀, á sì pàdánù £380 tirẹ̀, nóòtù á wá fi £260 ju rípọ́ọ̀tì lọ. Àbámẹ́ta á gba 380, á pàdánù 412, nóòtù á fi £32 lé. Àìkú á gba 412, á pàdánù 95. £317 nìyẹn, iye tí wọ́n ní ọmọ náà jí, kò lé, kò dín.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni pè mí nítorí £260 tó lé ní ọjọ́ Ẹtì? Rárá. Máníjà kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé bóyá ẹ̀bùn àwọn oníbàárà ló pọ̀. Owó tó lé kì í ní ẹlẹ́jọ́. Owó tó dín ló ń wá orí ẹni tí yóò bà lé. Bí mo bá ti ro odindi ọ̀sẹ̀ pọ̀ dípò kí n máa wo ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò bá ti rí i pé ohun tó lé àti ohun tó dín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Owó tí olè gbé kì í padà wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Owó tó bá ń lé níhìn-ín tó ń dín lọ́hùn-ún, ibùgbé ló pààrọ̀. Láti ìgbà náà, ìpè kankan tó bá wá pé owó dín lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e ni mo kọ́kọ́ ń ṣí.

Mo pe màmá. Mo ní, “Mà, ọmọ yẹn ò mú owó kankan. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni.” Ó ní, “Ṣé ó dá ẹ lójú?” Mo fi fọ́tò risíìtì jọ̀lọ́ọ̀fù náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán rípọ́ọ̀tì mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo ti fi ọ̀rọ̀ kan ọmọ ọlọ́mọ lára.” Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo wọn, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Èmi náà kọ lẹ́tà sí i. Èsì tó fún mi kò gùn: “Ẹ ṣé, sà. Màmá mi ní Abẹ́òkúta ti gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sórí tábìlì nígbà tí mo jókòó láti tún ètò náà ṣe, síbẹ̀ ìkánjú ṣì fẹ́ bà á jẹ́. Mo sọ +1 di 0. Lójú ẹsẹ̀, November tò. Ṣùgbọ́n ìwé wákàtí tí èrò pọ̀ jù, èyí tí màmá fi ń pín òṣìṣẹ́, ti July àti August sún sẹ́yìn: èrò tó kún ní aago 8 alẹ́ di ti aago 7. Mo tún ìgbà òtútù ṣe, mo ba ìgbà ooru jẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè dúró fún aago London, ì báà jẹ́ +1 tàbí 0, torí aago méjì ni London ń lò láàárín ọdún.

Orúkọ ló yẹ kí n lò. Àkọsílẹ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń gbára lé, tzdata ni wọ́n ń pè é. Ó fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, bíi Europe/London, Africa/Lagos, America/New_York, ó sì tọ́jú ìtàn gbogbo ìgbà tí ibẹ̀ ti yí aago sẹ́yìn orúkọ náà. Bí mo bá ti dárúkọ Europe/London, ètò náà fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé July ní wákàtí kan lórí, November kò ní. Ẹ kàn ṣọ́ra fún orúkọ bí Etc/GMT+1 tó wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà, torí àmì rẹ̀ dorí kodò: ẹ̀yìn Greenwich ló wà, kì í ṣe iwájú. Ẹni tó bá fi í ṣe aago Èkó á fi wákàtí méjì ṣìnà.

Mo kọ Europe/London, ó tún yí sódì. Inú PostgreSQL, ètò kan tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, ni dátà wa ń gbé, kọ́lọ́ọ̀mù tí mo kó àkókò sí sì jẹ́ timestamp lásán, tí kò mọ ìlú kankan. Bí ẹ bá kọ AT TIME ZONE 'Europe/London' sí irú kọ́lọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, kò ní sọ ọ́ di aago London. Ohun tó gbọ́ ni pé aago London ni nọ́ńbà náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá fún un, kí ẹ tó sọ ibi tó ń lọ: AT TIME ZONE 'UTC' AT TIME ZONE 'Europe/London'. Nígbà tó yá, mo sọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di timestamptz, irú èyí tó ń tọ́jú àkókò ní UTC, mo sì sinmi.

Ohun kan tún gba odindi ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, mo rí risíìtì mẹ́ta tó ní ọjọ́ 1 January 1970, aago 01:00. Ti 1970 kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó bá gbàgbé láti fi àkókò ránṣẹ́, òdo ló máa ń fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì ń ka òdo sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn gan-an, aago 12 òru UTC. Ti aago 1 ló dẹ́rù bà mí. January, àárín òtútù, ó yẹ kí London wà lórí 00:00. Mo rò pé +1 mi ṣì fara pamọ́ síbì kan. Mo tú gbogbo ètò náà palẹ̀ kí n tó lọ wo ìtàn: láti 27 October 1968 títí di 31 October 1971, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò pé kí àwọn má yí aago mọ́, wọ́n wà ní wákàtí kan níwájú Greenwich tòtútù tooru. Ètò mi tọ̀nà. Èmi ni mi ò mọ ìtàn London tó orúkọ tí mo fi sí i.

Nígbà tí March 2024 ń bọ̀, mo ti dán owó wò títí, ọkàn mi balẹ̀. Fìrísà ni mo gbàgbé. Ẹ̀rọ kan ń ka bí fìrísà ṣe tutù lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 96 lójúmọ́. Ọjọ́ 31 March ni aago yí, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Àjíǹde. Lóru ọjọ́ náà, bí aago 1 ṣe fẹ́ lù ní London, aago 2 ló lù. Kò sí 1:00, kò sí 1:15, kò sí 1:30, kò sí 1:45. Ètò mi tó ń retí 96 rí 92, ó sì fi ọ̀rọ̀ pupa ránṣẹ́ sí fóònù màmá pé fìrísà kú ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wákàtí kan. Màmá gbé ọkọ̀ ní ìdájí Àjíǹde, ó lọ ṣí wọn, ó ń fọwọ́ kan ẹran àti ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ le bí òkúta. Iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ẹ̀dà dátà pamọ́, tí mo yàn sí aago 1:30 òru London, kò ṣiṣẹ́ rárá lóru náà, torí aago tí mo yàn fún un kò sí. Ní October, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sún un sí aago 4, ibi tí London kì í fọwọ́ kàn.

Láti ìgbà náà, UTC ni mo fi ń kà, òun ni mo fi ń ro, ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé e sí ojú èèyàn ni mo ń sọ ọ́ di aago ìlú. Mo pa gbogbo ibi tí mo ti kọ “wákàtí 24 sẹ́yìn” rẹ́, mo fi “àná” sí i ní ìlànà London, torí ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àná gùn ní wákàtí 23, ọ̀kan sì wà tó gùn ní 25. Ẹnikẹ́ni tó bá fún mi ní nọ́ńbà àkókò, mo ń bi í pé aago ibo ni. Àwọn kan máa ń bínú sí ìbéèrè náà. Mo máa ń dúró gba èsì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester ni mo kọ́kọ́ sọ ìtàn fìrísà yìí fún. Ó ní, “Ìwọ náà ti wá mọ̀.” Iṣẹ́ aago 8 alẹ́ sí aago 8 àárọ̀ ló ń ṣe. Lóru tí aago yí ní October tó kọjá, wákàtí 13 ló fi dúró ti àwọn àgbàlagbà yẹn, 12 ni ìwé owó oṣù rẹ̀ kọ, torí ètò wọn kàn ka láti 8 dé 8. Mo bá a ṣe ìṣirò méjèèjì sórí bébà kan ní UTC, ó mú un lọ bá wọn, wọ́n sì san wákàtí náà fún un.

Ọjọ́ 27 October 2024, mi ò sùn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn títí London fi gba aago 1 òru lẹ́ẹ̀mejì. Fìrísà ka ìgbà 100, aago 1 àkọ́kọ́ ní àmì BST, ìyẹn aago ìgbà ooru wọn, ìkejì ní àmì GMT, ìyẹn aago Greenwich, kò sí ọ̀rọ̀ pupa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òru yẹn ni mo ń dúró dè. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, 3 November, ni: ọjọ́ tí owó wákàtí tó kẹ́yìn Àbámẹ́ta á fi mọ̀ bóyá ó nílé. Màmá ti dá ọmọ náà padà sí iṣẹ́ alẹ́ Àìkú láti ọdún tó kọjá, òun ló sì ti ilẹ̀kùn lálẹ́ náà. Kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ya fọ́tò nóòtù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ní aago 6 àárọ̀, rípọ́ọ̀tì jáde. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo kà wọ́n dé orí kọ́bọ̀. Wọ́n bára mu. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọmọ náà kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí màmá.